Bàtà bọ́ọ̀lù nọ́mbà 10 nínú àpótí bàbá mi: ta ló rántí ẹgbẹ́ Rélùwéè?

Ọmọ Lókò kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Bàbá mi papòdà ní èṣí, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Nígbà tí a ṣe ìrántí ọdún kan tán, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ palẹ̀ yàrá wọn mọ́ torí èmi ni ilé mi sún mọ́ tòsí jù. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpótí páànù kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kàn nígbà tí a wà ní kékeré. Gbogbo wa gbà pé ìwé ilẹ̀ ló wà níbẹ̀. Òòlù ni mo fi já àgádágodo rẹ̀. Kò sí ìwé ilẹ̀ kankan o. Ohun tí mo bá ni ìwé tí Rélùwéè fi gbà wọ́n síṣẹ́, fọ́tò kan, àti bàtà bọ́ọ̀lù kan, ẹsẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé bí ìgbà tí èèyàn wé ẹja gbígbẹ.

Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ló wà nínú fọ́tò náà, àwọn kan dúró, àwọn kan lóṣòó, bọ́ọ̀lù aláwọ tí wọ́n fi okùn dì lẹ́nu wà láàárín wọn. Bàbá mi ni ẹnì kejì láti apá òsì nínú àwọn tó lóṣòó, wọ́n tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: "L. Rly B, Onikan". Kò kọ ọdún.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bàbá mi kò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fún wa rí. Fítà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù lókò, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ rélùwéè ṣe, ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lórí rédíò, wọ́n á yí ohùn rẹ̀ sókè, wọ́n á dijú. Bí wọ́n bá gbá a wọlé, "ẹn-ẹ́n" ni wọ́n á sọ, ó parí. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo rántí ni èyí tó máa ń jáde bí àbúrò mi ọkùnrin bá sá kúrò nílé ìwé lọ gbá fẹ́lẹ́lẹ́. Màmá mi á ti mú ẹgba, bàbá mi á ní, "Fi í lẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló gbà mí síṣẹ́." A rò pé àwàdà ni, wọ́n kàn fẹ́ gba ọmọ sílẹ̀ ni.

Ṣé òótọ́ ni pé Rélùwéè máa ń gba èèyàn síṣẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù? Kí ni "B" yẹn? Ẹgbẹ́ tó tóbi tó fi ní A àti B, kí ló dé tí ọmọ mi, tó mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal títí kan ẹni tó ń gbé omi fún wọn, kò fi gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Ọ̀kan tún kù. Nọ́mbà 10 ni wọ́n tẹ̀ sí abẹ́ bàtà yẹn. Bàbá mi, nọ́mbà 7 ni wọ́n ń wọ̀. Ogún ọdún ni mo fi bá wọn ra bàtà, kò sí ẹni tó lè bá mi jiyàn rẹ̀.

Àgbà Láfíàjì fèsì:

Ọmọ mi, kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Àwàdà kọ́ o. Mo ti lé lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, Láfíàjì ni wọ́n bí mi sí, pápá Oníkàn sì sún mọ́ wa débi pé bí góòlù bá wọlé, àwa tó wà nílé á ti gbọ́ ariwo kí rédíò tó sọ ọ́. King George V ni wọ́n ń pe pápá náà nígbà náà, ẹ̀yin ń pè é ní Mobolaji Johnson Arena báyìí. Àwa ọmọdé kì í sanwó wọlé. Igi kan wà tó yọ orí kọjá ògiri, ẹ̀ka tó dára jù jẹ́ ti àwọn ẹ̀gbọ́n, àwa kéékèèké á wà lórí èyí tí ewé ti bo ẹnu góòlù kan. Ìdajì pápá péré ni mo fi wo bọ́ọ̀lù títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Bí wọ́n bá kọlu apá kejì, ẹni tó wà lókè á máa ròyìn fún wa, irọ́ rẹ̀ sì pọ̀.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé bọ́ọ̀lù ti jẹ́ òwò láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n ń san owó oṣù fún pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Owó rẹ wà níbi iṣẹ́ rẹ. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹgbẹ́ fi jẹ́ orúkọ ibi iṣẹ́: Rélùwéè, ọlọ́pàá, PAN Bank, UAC, ECN tó ń pín iná kí wọ́n tó sọ ọ́ di NEPA ní 1972, àti Màríìnì, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi kí NPA tó dé. Bí ọmọkùnrin kan bá mọ bọ́ọ̀lù gbá nílé ìwé, ẹnì kan láti ọ́fíìsì kan á ti máa wò ó. Wọn kò ní sọ fún un pé "wá gbá bọ́ọ̀lù fún wa". Wọ́n á ní, "Ṣé o ti ríṣẹ́?" Ó tán. Bó bá mọ̀wé, wọ́n á fi í sídìí tábìlì. Bó bá mọṣẹ́ ọwọ́, ṣọ́ọ̀bù ni. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó di agbábọ́ọ̀lù.

Ẹni tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, lọ́pọ̀ ìgbà ibi iṣẹ́ ló pààrọ̀. Tesilimi Balogun tí a ń pè ní Thunder, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè, gbá fún Rélùwéè, ó gbá fún PAN Bank, ó gbá fún UAC. Bí o bá gbọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyẹn tẹ̀lé ara wọn, o ò ní mọ̀ bóyá agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ tàbí akọ̀wé tó ń wá owó oṣù tó sàn jù.

Bóyá ẹgbẹ́ náà tóbi? Ní 1945 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ife Gómìnà, èyí tó wá di Challenge Cup lẹ́yìn náà. Màríìnì ló kọ́kọ́ gbà á. Rélùwéè gbà á ní ọdún kejì. Wọ́n tún gbà á ní 1948, 1949, 1951, 1956, 1957. Ìkeje ni 1964, èmi sì wà láyé, mo ti dàgbà, mo ti ń sanwó wọlé. Kò sí ẹgbẹ́ Èkó mìíràn tó gba ife yẹn nígbà méje rí títí di òní.

"B" ni ẹgbẹ́ kejì. Àwọn ló máa ń gbá ṣáájú, kí oòrùn tó rọlẹ̀, nígbà tí èrò kò tí ì pé. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ rẹ pé ẹni tó wà ní B kò tó nǹkan o. Ẹni tó bá wọ jẹ́ẹ̀sì Rélùwéè B nígbà náà, ìlú rẹ̀ á mọ̀ ọ́n.

Ní ti bàtà, bóyá èyí tí wọ́n bá rí ni wọ́n wọ̀. Àwọn kan máa ń ki aṣọ bọ iwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kò lè ra bàtà tó bá ẹsẹ̀ olúkúlùkù mu.

Ṣúútìn Títí Ayé fèsì:

Bàbá Láfíàjì, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún, ka ọdún, ẹ kò dárúkọ Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan. Ṣé gosiló ọ̀nà Èkó ni kò jẹ́ kí ìròyìn wa dé ọ̀dọ̀ yín ni?

Ìbàdàn Lions gba ife yẹn ní 1959. Wọ́n gbà á ní 1961. Wọ́n gbà á ní 1966. Kò tán síbẹ̀. Ẹgbẹ́ WNDC, iléeṣẹ́ ìdàgbàsókè ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, gbà á ní 1971. Lẹ́yìn náà ni WNDC di IICC, ẹgbẹ́ wá ń jẹ́ IICC Shooting Stars, ó tún di 3SC. Bí wọ́n ṣe ń yí orúkọ rẹ̀ bí orúkọ àbíkú nìyí, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò kú. Èrò tó ń wò ó kò yí rárá. Bàbá mi sọ fún mi pé òun kò fìgbà kan lo orúkọ tuntun kankan. "Àwọn wa" ni wọ́n ń pè wọ́n. "Àwọn wa ń gbá lónìí."

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Lókò, ìdí tí ọmọ yín kò fi gbọ́ orúkọ Rélùwéè rí, ojú tí mo fi wò ó rèé. Ní 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ mẹ́fà péré, Mighty Jets ti Jos ló kọ́kọ́ gbà á. Títí di ìgbà náà, líìgì ìlú ni olúkúlùkù ń gbá. Fítà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta lè parí iṣẹ́ ní agogo mẹ́rin kó sì wà ní Oníkàn ní agogo márùn-ún. Ṣé ó lè parí iṣẹ́ ní agogo mẹ́rin kó wà ní Jos ní márùn-ún? Líìgì orílẹ̀-èdè fẹ́ kí o wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ Ẹtì, kí o gbá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí o padà dé ní Àìkú, ara rẹ ti di jẹ́lẹ́. Ọ̀gá wo ni yóò fún gbogbo àwọn tó mọṣẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù láyè bẹ́ẹ̀ fún odidi sáà? Ẹni tí ó lè san owó fún wọn láìretí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ wọn ni ìjọba ìpínlẹ̀, tàbí olówó. Ìbàdàn bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, ó yè é. Rélùwéè bọ́ sọ́wọ́ rélùwéè, ẹ̀yin náà sì mọ ibi tí rélùwéè Nàìjíríà gbà lẹ́yìn náà.

Ọdún 1976, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Àwọn wa gba líìgì, wọ́n sì tún gba ife àwọn tó gba ife nílẹ̀ Áfíríkà, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà. Tonnerre ti Yaoundé la gbá nínú àṣekágbá, 4–1 lọ́dọ̀ wa, wọ́n fi 1–0 nà wá lọ́dọ̀ wọn, kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Muda Lawal àti Segun Odegbami wà níbẹ̀. Aládùúgbò wa kan tó ń rán aṣọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde síta, ó ní òun kò ní gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá mi sáré kó gbogbo aṣọ tó ti ya nílé wa lọ bá a.

Ọmọ Ẹ̀gbá Kan fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Ṣúútìn sọ "ìjọba tàbí olówó". Ẹ jẹ́ kí n sọ ti olówó díẹ̀, torí a jẹ ẹ́ ní Abẹ́òkúta, a sì san án.

Iléeṣẹ́ Leventis dá Leventis United sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìpele kejì ni wọ́n ṣì wà nígbà tí wọ́n gba Challenge Cup ní 1984! Ní 1985 wọ́n dé àṣekágbá ife àwọn tó gba ife nílẹ̀ Áfíríkà, Al Ahly ló dá wọn dúró. Ní 1986 wọ́n gba líìgì, wọ́n gba ife. Lẹ́yìn náà iléeṣẹ́ náà tú ẹgbẹ́ ká. Ó parí. Bí ẹni pa iná yàrá.

Tiwa ni Abiola Babes, ti MKO. A gba ife ní 1985, a gbà á ní 1987. Yisa Sofoluwe wà lẹ́yìn, Rashidi Yekini wà níwájú. Ṣúútìn ni Yekini ti wá bá wa, ẹ má bínú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan kò sí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti lọ fi ara rẹ̀ hàn níbi tí wọ́n ti ń yan àwọn ọmọ tuntun kò tí ì fọ bàtà rẹ̀ tán, ẹgbẹ́ ti tú.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni ti Stationery Stores l'Ékòó. Olóyè Israel Adebajo tó dá a sílẹ̀ ní 1958 kú ní 1969. Ẹni tó ni ilé ìtajà ìwé àti gègé ló dá a sílẹ̀, ó yẹ kí ó bá a lọ. Wọ́n tún gba ife ní 1982 àti 1990, wọ́n gba líìgì ní 1992. Àwọn ará Èkó ti sọ ọ́ di tiwọn kí ikú tó dé. Ẹnikẹ́ni tó bá rántí bí Haruna Ilerika ṣe máa ń gbé bọ́ọ̀lù, kó wá sọ fún wa níhìn-ín, màmá mi ní òun kò lè ṣàlàyé rẹ̀ láìdìde.

Àgbà Láfíàjì fèsì:

Ìyá ẹ kò parọ́. A kì í jókòó ṣàlàyé Ilerika.

Ará Crosby fèsì:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Liverpool ni mo ń gbé, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà. Ọ̀rọ̀ Màríìnì tí Bàbá Láfíàjì sọ ló mú mi wọlé, torí Marine kan wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ní Crosby, mo sì máa ń lọ wò wọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ti Èkó gba orúkọ rẹ̀ lára iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Tiwọn, òtẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n ti ṣèpàdé ní 1894, Marine Hotel, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹgbẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta tíì níbẹ̀ sọ fún mi nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹsẹ̀ lásán nà wá." Mo rò pé ó fẹ́ bú mi ni. Ọ̀rọ̀ 1949 ló ń sọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọkọ̀ MV Apapa gbé agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún láti Èkó wá sí Liverpool, Etim Henshaw ni ọ̀gá wọn, Tesi Balogun wà nínú wọn. Wọ́n wá bá àwọn ẹgbẹ́ tí kì í gba owó oṣù níhìn-ín gbá, eré mẹ́sàn-án. Marine ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé. 5–2! Ọ̀pọ̀ wọn kò wọ bàtà, báńdéèjì ni wọ́n wé mọ́ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbá ọ̀mì 2–2 pẹ̀lú South Liverpool lálẹ́, lábẹ́ iná mànàmáná.

Tesi tún padà wá ní 1955. Peterborough ló lọ, Midland League ni wọ́n ń gbá nígbà náà, ìyẹn kì í ṣe líìgì ńlá. Ọdún tó tẹ̀lé e ló bọ́ sí QPR, ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gbá eré líìgì mẹ́tàlá fún wọn. Mo máa ń rò ó bí mo bá ń wa bọ́ọ̀sì lójú òtútù: ọkùnrin tí gbogbo Oníkàn ń kígbe orúkọ rẹ̀, tó wá ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀ ní ìlú tí wọn kò lè pe orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi ara yín léèrè ibi tí ẹgbẹ́ yín lọ, ẹ wo Marine yìí. Láti 1903 ni wọ́n ti wà ní pápá kan náà, Rossett Park. Ìpele kẹjọ ni wọ́n wà ní oṣù kìn-ín-ní 2021 nígbà tí Tottenham wá bá wọn gbá ife FA. Tottenham o! Àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí èrò wọlé, àwọn tí ẹ̀yìn ilé wọn kọjú sí pápá gbé àga sínú ọgbà wọn, wọ́n ń wò ó lórí ògiri. Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò mú ẹnikẹ́ni wọ pápá ni Marine tà, ó lé ní 30,000, àwọn èèyàn kàn ra á láti fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n jẹ 5–0, kò sí ẹni tó sunkún. Ní ti èmi, ibẹ̀ ni mo ti gbà pé líìgì orílẹ̀-èdè nìkan kọ́ ló pa Rélùwéè, ẹ̀gbọ́n Ṣúútìn. Níhìn-ín, ẹni tó bá já láti òkè ṣì ní ibi tó lè balẹ̀ sí, ìpele kan wà lábẹ́ òmíràn, wọ́n tò ó bí àtẹ̀gùn. Tiwa, nígbà tí a kọ́ òkè tán, a gbàgbé àtẹ̀gùn.

Ṣúútìn Títí Ayé fèsì:

Àbúrò, mo gbà díẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n líìgì ìlú ṣì wà ní Ìbàdàn o, Èkó náà ní tiwọn. Wá sí Adámásingbà ní àárọ̀ ọjọ́ tí kò sí eré ńlá. Àwọn ọmọ ń gbá á, èrò wọn kò ju ogún lọ, rẹfirí á dúró de ẹni tó gbé fèrè lọ sílé. Àtẹ̀gùn wà. Iná ni kò sí níbẹ̀.

Ọmọ Lókò fèsì:

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Láti ìjẹta ni mo ti ń ka èyí fún àbúrò mi lórí fóònù, ó ní kí n dẹ́kun ẹkún kí òun lè gbọ́ ohun tí mò ń kà.

Bàbá Láfíàjì, mo yẹ inú bàtà náà wò bí ẹ ṣe wí. Kò sí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ki aṣọ bọ̀ ọ́. Ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ sí nínú rẹ̀ jìn síwájú gan-an, ti nọ́mbà 10 gidi ni. Bàbá mi kò wọ bàtà yẹn rí.

Nítorí náà mo gbọ̀nà Ṣágámù lánàá. Àbúrò bàbá mi obìnrin wà níbẹ̀, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin, ojú ti ń ṣe wọ́n ṣùgbọ́n etí dá ṣáká. Mo gbé bàtà náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fọwọ́ pa á láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n ka ìṣó abẹ́ rẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó ṣì fi í pamọ́!"

Wọ́n ní òótọ́ ni, bọ́ọ̀lù ló gba bàbá mi síṣẹ́. Bàbá mi ń gbá fún àwọn ọ̀dọ́ Ṣágámù, ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní lókò wá ìdílé rẹ̀ wá síbi òkú, ó rí i, ó béèrè bóyá ó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Gẹ́lẹ́ bí Bàbá Láfíàjì ṣe sọ ọ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi wà ní B. Wọ́n ṣáájú àwọn àgbà gbá, wọ́n wẹ̀, wọ́n jókòó wo A.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí ni bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá wà ní pápá. Àǹtí ní ẹ̀rọ lókò kò mọ ife. Bí ẹni A bá lọ gbá bọ́ọ̀lù, ẹni B ni yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Ẹnì kan wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbi kan náà, ọkùnrin gíga kan, Àǹtí kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́, ará Ìjẹ̀bú ni ṣáá. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yìí bá ti ní eré, bàbá mi ló ń parí ẹ̀rọ rẹ̀. Ní 1964, nígbà tí ọjọ́ àṣekágbá kò, bàbá mi ti ń retí pé àwọn náà á lọ wò ó. Ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ jáde ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀gá wo àwọn tó kù nílẹ̀, ó nàka sí bàbá mi.

Wọn kò wo eré náà. Wọ́n wà lábẹ́ ẹ̀rọ, òróró dé ìgbúnwọ́. Wọ́n sọ fún Àǹtí pé fèrè ẹ̀rọ tó ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan ní yáàdì ni wọ́n fi mọ̀ pé wọ́n ti gba ife. Nígbà tó di alẹ́, ọkùnrin Ìjẹ̀bú náà wọ ṣọ́ọ̀bù wá, kò tí ì wẹ̀, ó so bàtà rẹ̀ kọ́rùn. Ó gbé e lé orí àpótí irinṣẹ́ bàbá mi. Ó ní, "Gba tìẹ." Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń jó.

Àǹtí ní, ó fún un ní bàtà tí kò lè wọ̀! Wọ́n tún rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

Mo ti wé bàtà náà padà sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ẹni tó bá ní bàbá, tàbí bàbá bàbá, tó jẹ́ fítà ní lókò tó sì wà nínú ẹgbẹ́ Rélùwéè ọdún 1964, ọkùnrin gíga, ará Ìjẹ̀bú, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí mi. Mo kàn fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Àgbà Láfíàjì fèsì:

Dúró ná. Gíga, ará Ìjẹ̀bú, Rélùwéè. Bàtà yẹn, ọ̀tún àti òsì, èwo ló jẹ jù níwájú?

Ọmọ Lókò fèsì:

Òsì ni, Bàbá. Awọ iwájú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ.